Ilé Ìpọntí Tó Di Àdúgbò: Ọ̀rọ̀ Òkè Carlsberg

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹ rántí pépà tó máa ń yí àwọ̀ tí a fi wo pH omi ọsàn àti omi ọṣẹ ní làábù. Láti 0 dé 14, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti wá? Èmi rò pé yunifásítì ńlá kan ni. Àṣé làábù ilé-iṣẹ́ bíà ni! Ní 1909, ọ̀gbẹ́ni Sørensen, ọ̀gá kan ní làábù Carlsberg nílùú Copenhagen lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ló gbé e jáde.

Kí àwọn tíṣà wa má wò mí lójú burúkú o, n kò wá polówó ọtí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọdún 161 ni wọ́n fi pọn bíà lórí ilẹ̀ yẹn. Lónìí, àwọn èèyàn ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n ń ra búrẹ́dì níbẹ̀.

J.C. Jacobsen ló bẹ̀rẹ̀ ní 1847. Ó jáde kúrò láàárín ìlú, ó lọ sórí òkè kan, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Carl, pe ibẹ̀. Berg túmọ̀ sí òkè, nítorí náà Òkè Carl ni, bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń sọ pé Òkè-Bọ́lá. Irú bíà tó ń pọn gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ yàrá ńláńlá sábẹ́ òkè náà. Nígbà tí Carl dàgbà, òun náà dá ilé ìpọntí tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀, ni ìjà bá dé. Wọ́n jà débi pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ní orúkọ méjì: bàbá ń pè é ní ọ̀nà Alliance, ọmọ ń pè é ní ọ̀nà Pasteur. (Pasteur tí a kà nínú báyọ́lọ́jì náà ni.) Orúkọ tí ọmọ fún un ló wà níbẹ̀ títí dòní.

Bàbá ló dá làábù sílẹ̀ ní 1875. Nígbà yẹn, bíà máa ń ṣàdédé bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó fà á. Ní 1883, Emil Christian Hansen rí i pé ìwúkàrà burúkú ló ń dà pọ̀ mọ́ èyí tó dáa. Ó mú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ó tọ́ ọ títí ó fi di púpọ̀. Jacobsen ò fi àṣírí náà pa mọ́, ó fún àwọn apọntí yòókù. Èyí wú mi lórí púpọ̀.

Carl ní tirẹ̀ fẹ́ràn ère àti ilé tó lẹ́wà. Ní 1901, wọ́n kọ́ géètì kan fún un tó jẹ́ pé erin mẹ́rin tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ló ru ilé gogoro kan sẹ́yìn. Erin tòótọ́ ni wọ́n tó ní títóbi. Wọ́n kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́rin nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sára wọn. Ilé-iṣẹ́ bíà nìyẹn o, kì í ṣe ààfin!

Nígbà tó yá, ìlú dàgbà yí òkè náà ká, bó ṣe jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ìlú nígbà kan ti wà láàárín ilé báyìí. Ní 2008, wọ́n pọn bíà ńlá gbẹ̀yìn níbẹ̀, iṣẹ́ sì kó lọ sí Fredericia, tó jìnnà tó bíi kìlómítà 200. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lé ní hẹ́kítà 30. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ó ju pápá bọ́ọ̀lù ogójì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ kan wà lójú ọ̀nà tí mo ń gbà wá sílé ìwé, tó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí mi. Bàbá wa àgbà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Lọ́dún tó kọjá, katapílà dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ògiri, gbọ̀ngàn, géètì, gbogbo ẹ̀ ti wó. Àwọn tó ń ra irin àjákù kó tiwọn lọ, wọ́n sì gé ilẹ̀ náà ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì. Èmi àti Bàbá lọ wò ó ní Sátidé kan. Wọ́n fẹ́ fi ibi tí géètì wà hàn mí. Wọ́n ní, “Ibí ni… rárá, ọ̀hún ni.” Wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní Copenhagen, wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn ayàwòrán ilé jákèjádò ayé sí ìdíje: kí lẹ rò pé ká fi ilẹ̀ yìí ṣe? Èsì tó lé ní 200 ló wọlé. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Entasis, ọmọ ibẹ̀ náà, ló gbégbá orókè ní 2007.

Ohun tí wọ́n dá lábàá ni kí gbogbo nǹkan dà pọ̀: ilé gbígbé, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé, ibi eré, lójú títì kan náà. Kí ló dé? Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì nìkan, tó bá ti di aago méje alẹ́, ibẹ̀ á dá wáí, olè nìkan ló máa kù. Tó bá sì jẹ́ ilé gbígbé nìkan, ojoojúmọ́ ni gbogbo èèyàn á wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwa tí à ń jí ní aago márùn-ún nítorí gósúlóò mọ èyí dáadáa. Wọ́n wá ṣe títì tóóró, àyè kéékèèké tí èèyàn lè jókòó sí, ilé tí kò ga jù, àti ilé gogoro tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án láàárín wọn. Ilé tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ò gba ilẹ̀ púpọ̀, èyí ló jẹ́ kí àyè wà fún àwọn ilé àtijọ́ láti dúró síbi tí wọ́n wà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ga ní mítà 100. Bohr ni wọ́n fi sọ ọ́, Niels Bohr ti fíṣíìsì wa, torí pé ilé kan lórí òkè náà ló gbé láti 1932 títí tó fi kú ní 1962.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008. Owó ò sí. Ibí ni mo ti gbóríyìn fún wọn jù. Wọn ò ti géètì pa, wọn ò gbé máígádì àti ajá síbẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń rọ bíà sínú ìgò di ibi tí wọ́n ti ń kọrin, àwọn oníjó náà rí àyè. Nígbà tí wọ́n máa fi kọ́lé, àwọn ará ìlú ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní 2012, àwọn mìíràn, títí kan àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, dówó pọ̀ pẹ̀lú Carlsberg. Ní 2016, ibùdókọ̀ ojú irin tuntun ṣí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ sì kó wá. Ní 2019, ilé ìpọntí àtijọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Ottilia, orúkọ ìyàwó Carl.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló dáa o. Àwọn ará Copenhagen kan ń ṣàròyé pé àwọn ilé náà fún mọ́ra jù, oòrùn ò sì dé ìsàlẹ̀. Ilé ibẹ̀ wọ́n gan-an. N kò rò pé ẹni tó ń gbé kéètì bíà níbẹ̀ nígbà kan lè ra yàrá kan níbẹ̀ báyìí.

Nígbà tí mo fi fọ́tò han Bàbá lórí fóònù, wọn ò béèrè bí ilé gogoro ṣe ga tó. Wọ́n ní, “Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ńkọ́?” Mo ní iṣẹ́ kó lọ sí Fredericia, pé ó jìnnà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá fìka fẹ fọ́tò àwọn erin náà, wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, “Géètì tiwa ò tó èyí. Ṣùgbọ́n aago wà lórí ẹ̀.”