Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Agbábọ́ọ̀lù yín fara pa, ṣé kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbá Fantasy Premier League n'Ìkàrẹ́, l'Ọ̀kà àti ní yunifásítì Àkùngbá, ọ̀rọ̀ yín rèé.

1. Ẹ wo àmì ara orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 75 nínú 100, ẹ lè dúró dè é. Bó bá jẹ́ 25, ẹ má gbára lé e. Pupa ńkọ́? Kò ní gbá a.

2. Ẹ má ṣe pààrọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè! Ẹlòmíì tún lè fara pa láàárín ọ̀sẹ̀, póìǹtì 4 sì ni wọ́n ń yọ lórí ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá lé sí ti ọ̀fẹ́. Ẹ dúró di Fúráìdè, tí kóòṣì bá ti bá oníròyìn sọ̀rọ̀.

3. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́, ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ bá gbá? Adìlémú tí wọn ò bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé rẹ̀ ń gba póìǹtì 4.

4. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ìpààrọ̀ ní ìṣẹ́jú 90 ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ náà. Bí ìyẹn bá jẹ́ aago 12:30 ní Lọ́ńdọ̀nù, aago 11 ni wọ́n máa tì í. Lásìkò òtútù wọn, aago 12 ọ̀sán ni tiwa.

Ọ̀fẹ́ ni eré yìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó ilé-ìwé ta á.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tí balógun ikọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílé ìwòsàn. Ta ni balógun tiyín lọ́sẹ̀ yìí?