Eyín Gbígbìn, Eyín Dídí àti Ẹ̀yáwó Tí A Kọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìpín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn onígbèsè tó ń sá fún akọ̀wé wa. Ọ̀rọ̀ eyín ni. Kí ẹnikẹ́ni má bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú eyín o. Ó kàn wá, àwa gan-an la sì jẹ̀bi apá kan nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ ní Tẹjúoṣó ló wọ dánfó lọ́jọ́ kan. Mọ́tò náà já sí kòtò lójú ọ̀nà Ìtirẹ̀, ìyá wa fi ẹnu gbá irin àga iwájú, eyín iwájú kan sì kán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún oníṣòwò. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín pe oníbàárà wọlé wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ó kọ ìwé ẹ̀yáwó sí ìgbìmọ̀ wa. Níbi tí a ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe sí, ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ: "Eyín." A rẹ́rìn-ín. A ní owó ẹgbẹ́ wà fún ọjà, ó wà fún owó ilé ẹ̀kọ́ àti ilé kíkọ́, kò sí fún fáàrí. A dá ìwé rẹ̀ padà.

Kí ni kó wá ṣe? Ó lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé báàgì kiri, tó ní òun á fi eyín tuntun sí i láàárín wákàtí kan, kò sì ní jáde mọ́ láéláé. Ọ̀gbẹ́ni náà po ìyẹ̀fun àti omi tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá, ó mọ ọ́n sójú àlàfo bí ẹni mọ amọ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan ọ̀hún a máa gbóná bó bá ti ń le, nítorí náà ó jó ìyá wa lẹ́nu. Kò fá a, kò dán an. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, erìgì wú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹnu ń rùn, ọ̀kan nínú àwọn eyín gidi tó so ó mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Eyín kan ló sọnù tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó di méjì.

Ìgbà yẹn ni ojú tì wá. Àwa méjì láti inú ìgbìmọ̀ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín, a jókòó, a sì béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí a gbọ́ níbẹ̀, àti èyí tí a ti kà láti ìgbà náà, la fẹ́ sọ fún yín.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé dídán tí wọ́n ń dán eyín kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Àwa rò pé bíi ti bàtà ni, kó ṣáà lè máa tàn. Rárá o. Ohun tó bá rí gbágungbàgun lẹ́nu, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí àti kòkòrò àìfojúrí ń sá pamọ́ sí, tí búrọ́ọ̀ṣì kì í sì í ká wọn mọ́. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n. Bí gbágungbàgun náà bá ti ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 10,000 mìlímítà lọ, bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdọ̀tí ń pọ̀ sí i. Ẹ wo bó ṣe kéré tó! Ojú wa kò lè rí i, àmọ́ kòkòrò rí i.

Ẹni tó bá ti dúró ti kápẹ́ńtà ní Mushin rí á mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Kápẹ́ńtà kì í fi sánpépà tó kúnná bẹ̀rẹ̀. Èyí tó le ló kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná díẹ̀, títí á fi kan èyí tó rọ̀ bí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dókítà ń ṣe sí eyín tó dí. Bó bá fo ọ̀kan, ilà tí èyí tó le fà sílẹ̀ kò ní parẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ rọra tẹ̀ ẹ́, kí omi máa tù ú, nítorí ooru lè ba ẹran tó wà láàárín eyín jẹ́. Ohun aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi mẹ́kúrì po, tí wọ́n fi ń dí eyín, kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dán an. Ó ní láti tó wákàtí 24, ó kéré tán, kó lè le dáadáa. (Ìyẹn náà ti ń dín kù, nítorí àdéhùn Minamata ti ọdún 2013 lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà bá wọn fọwọ́ sí.) Èyí tó jọ àwọ̀ eyín, tí wọ́n ń tan iná aláwọ̀ búlúù sí, wọ́n lè dán an lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ má sọ pé wọ́n fẹ́ fi owó mọ́tò yín ṣòfò.

Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ ńkọ́? Ìyẹ̀fun òkúta púmíìsì àti omi ni wọ́n ń fi sí ara aṣọ tó ń yí lórí ẹ̀rọ láti fi dán an, kí wọ́n tó wá fi ẹfun kíkúnná parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó jókòó lé erìgì, wọn kì í dán an rárá, nítorí bí wọ́n bá fá a, kò ní bá ẹnu mu mọ́. Àwọn ìyá wa kan sì wà, a kò ní dárúkọ, tí wọ́n ń fi èédú àti iyanrìn fọ tiwọn. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́! Gbogbo ibi tó bá ha ni àwọ̀ obì á wọ̀ sí. Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ti tó. Ẹ má kì í bọ omi gbígbóná, á lọ́ pọ̀. Lálẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sínú omi tútù, kí erìgì lè sinmi.

Ìyá wa kò fẹ́ èyí tó ń yọ. Ó ti gbọ́ nípa eyín gbígbìn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní implant. Ará Swídìn kan, Per-Ingvar Brånemark, ló ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1952, nígbà tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú eegun ehoro. Irin titanium tó fi sínú eegun náà kọ̀, kò jáde mọ́. Eegun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965 ó gbìn ín sẹ́nu Gösta Larsson, ẹni náà sì lò ó títí ó fi kú ní 2006. Ọdún 40 ó lé kan! Mọ́tò wo la rà tó lò tó bẹ́ẹ̀?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ ya fọ́tò eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á lu ihò kékeré sí i pẹ̀lú omi tútù, wọ́n á wá yí irin bíi ṣúkúrù sínú rẹ̀. Ó lè gba oṣù 3 sí 6 kí eegun tó dì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé eyín lé e lórí. Ohun tó dùn mọ́ wa jù ni pé apá irin tó wọnú eegun, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rí gbágungbàgun, kí eegun lè rí ibi dì mú. Àmọ́ apá tó gba inú erìgì kọjá, wọ́n á dán an kó jọ̀lọ̀, kí ìdọ̀tí má rí ibi dì mú. Irin kan náà o! Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tíì lọ sílẹ̀, tàbí tó ń fa sìgá, ewu wà pé kò ní mú. Ẹni tó bá gbìn ín tí kì í fọ ẹnu, erìgì àti eegun ibẹ̀ á jẹrà, irin náà á sì jábọ́. Owó rẹ̀ wọ́n, nítorí òkè òkun ni irin náà ti ń wá.

Kò yẹ kí àwa ará Mushin, Yaba àti Sùúrùlérè máa wá oníbáàgì kiri. LUTH ti wà ní Ìdí-Àràbà tipẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ti Yunifásítì Èkó tó wà níbẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni lẹ fẹ́ lọ, ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí Medical and Dental Council fún dókítà náà; ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì níyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó máa wo ẹnu.

Wọ́n ti gé nǹkan ọ̀hún kúrò lẹ́nu ìyá wa. Eyín tó ń mì ti ń dúró, erìgì ti ń san, dókítà sì ní kó máa lo èyí tó ń yọ ná, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá eegun ibẹ̀ gba gbígbìn. A bẹ̀ ẹ́ nípàdé, níwájú gbogbo ènìyàn, a sì fọwọ́ sí ẹ̀yáwó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣì fi ọwọ́ bo ẹnu, bóyá nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ìwé ẹ̀yáwó tuntun tó ní àyè fún ìtọ́jú ara ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó mú ìwé dókítà tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti iye rẹ̀ dání, pẹ̀lú onídùúró méjì bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.