Aláǹtakùn Tó Ń Tilẹ̀kùn Mọ́rí

Ṣé o mọ̀ pé aláǹtakùn kan wà tí kì í ta okùn sí òrùlé ẹnikẹ́ni? Ihò ló ń gbẹ́ sínú ilẹ̀. Á fi òwú ara rẹ̀ tẹ́ ògiri ihò náà, á po erùpẹ̀ mọ́ òwú, á fi ṣe ilẹ̀kùn róbótó, á sì so etí rẹ̀ kan mọ́ ẹnu ihò kó lè máa ṣí, kó máa padé. Bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́bàá oko ní Akínmọ̀ọ́rìn, àgbẹ̀ lè kọ ebè kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé òun tẹ ilẹ̀kùn onílé. Lálẹ́, onílé á gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, á máa ṣọ́ kòkòrò tó ń kọjá.

Ṣé o mọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí aláǹtakùn inú ilé wa? Wo ẹnu rẹ̀. Eyín tinú ilé ń pàdé láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Eyín tirẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ bí ọkọ́ méjì tó ṣá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mygalomorphae lorúkọ agbo rẹ̀. Aláǹtakùn onírun ńlá ti Kamẹrúùnù, Hysterocrates gigas, tí Pocock sọ lórúkọ ní 1897, wà nínú agbo yìí, ṣùgbọ́n òun kì í so ilẹ̀kùn mọ́ ihò rẹ̀.

Ní 1985, onímọ̀ aláǹtakùn Robert Raven pín agbo náà sí ẹbí 15. Lónìí, wọ́n ti lé ní 30. Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ ló fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìrísí kan náà, bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ Ìlọrà ṣe lè le bíi ti àgbẹ̀ Íńdíà láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan. Ìrísí yẹn lè tan ènìyàn jẹ: nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ DNA wò, ẹbí ńlá kan tó ń jẹ́ Ctenizidae tú ká ní 2018.

Ẹsẹ̀ wọn kì í rìn jìnnà, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní tirẹ̀. Ìtòsí ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbẹ́ ihò sí. Akọ nìkan ló ń jáde wá ìyàwó, lẹ́yìn òjò lọ́pọ̀ ìgbà. Bí odò tàbí òkè bá là wọ́n láàrin fún ọdún gbọọrọ, ìhà méjèèjì á di ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìran Idiops, tí Perty kọ́kọ́ ṣàpèjúwe láti Bràsíl ní 1833, wà ní Áfíríkà àti Éṣíà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ajókòó-sílé yìí la òkun kọjá? Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Áfíríkà ni ìran Moggridgea pọ̀ sí, síbẹ̀ ẹ̀yà kan, Moggridgea rainbowi, ń gbé erékùṣù Kangaroo ní Ọsirélíà. Ní 2017, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ó yà kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà láàrin mílíọ̀nù ọdún 2 sí 16 sẹ́yìn. Ilẹ̀ méjèèjì ti pínyà tipẹ́tipẹ́ nígbà náà, kò sì tíì sí ọmọ ènìyàn tó máa gbé e wọkọ̀. Àfi kó jẹ́ pé etídò kan ya lulẹ̀ tewétewé, tó léfòó sórí Òkun Íńdíà, tí aláǹtakùn sì wà nínú ihò, tó tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ṣé o mọ bí àwọn aláǹtakùn onílẹ̀kùn yìí ṣe ń pẹ́ láyé tó? Ní 1974, onímọ̀ aláǹtakùn Barbara York Main bẹ̀rẹ̀ sí í kan èèkàn onínọ́ńbà sẹ́bàá ihò wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà. Abo Gaius villosus kan gba nọ́ńbà 16. Inú ihò kan ṣoṣo yẹn ló wà fún ọdún 43, tó ń to igi wẹ́wẹ́ yí ẹnu ọ̀nà ká kó lè mọ̀ bí kòkòrò bá fẹsẹ̀ kàn án. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà 2016, Leanda Mason tó gba iṣẹ́ náà ṣe lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ihò ti lu lára ilẹ̀kùn náà. Agbọ́n ti gba ibẹ̀ wọlé.