Ó Wáyé, Ó Ṣẹlẹ̀, Ó Ṣẹ

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, “take place” ni wọ́n ń lò fún ìgbéyàwó, òun náà ni wọ́n ń lò fún ìjà. Yorùbá kì í sábà kó ayọ̀ àti aburú sínú àpò kan náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ́kọ́ sọ ló ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ irú ìròyìn tó ń bọ̀. Bí ọmọ tí wọ́n bí sí Accra bá sọ lórí fóònù pé “ìsọmọlórúkọ ṣẹlẹ̀ nílé wa lánàá”, àyà ìyá àgbà ní Ogbómọ̀ṣọ́ lè já, kó máa bèèrè ohun tó ṣe ìkókó.

“Wáyé” ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ọmọ náà. “Wá” àti “ayé” ló di ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí a dá ọjọ́ fún, tí a pe èèyàn sí, ló sábà ń wáyé: ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ìpàdé ẹgbẹ́, ìdìbò.

“Ṣẹlẹ̀” wà fún ohun tó kàn dé bá èèyàn. Kì í ṣe aburú nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lójijì yóò kọ́kọ́ fura. Ó sì ń gba “sí” mọ́ra. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò kó ẹrù wọn padà sílé. Ẹni tó bá ń ròyìn ọdún náà yóò sọ “ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa”. Kò sẹ́ni tí í sọ pé nǹkan “wáyé sí” òun. Ti ogun àti àjàkálẹ̀ àrùn tún yàtọ̀: wọ́n ń bẹ́ sílẹ̀ ni.

“Ṣẹ” jẹ́ ti àdúrà, àlá àti àsọtẹ́lẹ̀. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti fi “come to pass” bẹ̀rẹ̀ ìtàn, “Ó sì ṣe” ni Bíbélì Yorùbá ń lò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ wòlíì bá rí bó ti wí, a ó ní ó ṣẹ. Ohùn ṣe pàtàkì níbí: àdúrà ń ṣẹ, ọ̀fọ̀ ń ṣẹ̀ èèyàn, igi ń ṣẹ́.

Bíbéèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní èdè Twi ti Gánà, “Ɛdeɛn na asi?” kò le létí ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá túmọ̀ rẹ̀ sí “Kí ló ṣẹlẹ̀?” fún àgbàlagbà tó pè é lóru, ó dà bí ẹni pé aburú ti dé ná. Ohun tí Yorùbá ń sọ ni “Ṣé kò sí o?” Wọn kò dárúkọ ohun tí kò sí náà, torí wọn kì í fẹ́ fi ẹnu ara wọn pe ibi wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ ni “Kò sí o, àlàáfíà ni.”

Kí òbí kọ́ ọmọ ní èyí ṣáájú kó tó fún un ní fóònù láti kí ará ilé. Ọmọ tó bá mọ ohun tó ń wáyé yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ní já ìyá àgbà láyà.