Ilé Ọlọ́run Alámọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Iṣẹ́ Ìkọ́lé àti Ogún Rẹ̀

Ilé ìjọsìn kékeré tí àwọn ajíhìnrere kọ́ sí àárín ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ọdún 1850 jẹ́ ilé tí a fi amọ̀ mọ, tí a sì fi koríko bo. Ọgbọ́n tí àwọn ọ̀mọlé ìlú fi ń kọ́ agbo ilé àti ààfin náà ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tuntun, ògiri rẹ̀, òrùlé rẹ̀ àti ọwọ́ tí ó gbé e dìde jẹ́ ti ilẹ̀ yìí pátápátá.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ilé náà

Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Bàdágírì ní ọdún 1850. Ó tẹ̀dó sí Ìjàyè ní ọdún 1853, ó sì kọ́ ilé ìjọsìn kan síbẹ̀ ní ọdún 1854, kí ó tó kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855. Ní ọdún 1853 kan náà ni David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna, tí wọ́n jẹ́ ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti dá ìjọ Kúdẹtì sílẹ̀. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Nígbà tí Ìbàdàn sì fọ́ ìlú náà ní ọdún 1862, ilé ìjọsìn Ìjàyè bá ìlú lọ, àwọn ọmọ Ìjàyè púpọ̀ sì sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́ ní tirẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi di ìlú tí iṣẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ti ta gbòǹgbò jù lọ ní agbègbè yìí: ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1898, iṣẹ́ ìṣègùn sì tẹ̀lé e ní ọdún 1907. Ní Ọ̀yọ́, Samuel Johnson ni ó ṣe olùṣọ́ ìjọ Áńgílíkà. Ibẹ̀ ni ó ti parí ìwé ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, èyí tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣe àtúntò rẹ̀, tí ó sì jáde ní ọdún 1921. Ọdún 1896 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí CMS dá sílẹ̀, tí a wá mọ̀ sí St. Andrew's College, kó dé Ọ̀yọ́.

Ògiri

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ilé mímọ máa ń wáyé, nítorí pé òjò kì í jẹ́ kí amọ̀ gbẹ. A ó wa yẹ̀pẹ̀ pupa nítòsí ibi tí ilé yóò wà, a ó bu omi sí i, a ó sì fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yóò máa ṣù ú, tí wọn yóò máa jù ú sí ọ̀mọlé tí ó dúró sórí ògiri. Ọ̀mọlé kì í mọ ògiri tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ìpele kan ni yóò mọ, yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa, kí ó tó gbé ìpele mìíràn lé e. Ẹni tí ó bá wo ògiri àtijọ́ tí rírẹ́ rẹ̀ ti bó yóò rí ojú ìlà tí ìpele kan ti pàdé èkejì ketekete. Ìsàlẹ̀ ògiri ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí omi òjò tí ń kán láti orí òrùlé máa ń ta sí i. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń jẹ́ kí etí òrùlé gùn jáde dáadáa.

Òrùlé

Bẹẹrẹ ni koríko tí àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ̀ jù lọ fún ìbolé. Òun ni àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń gbé wá sí Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ nígbà ọdún Bẹẹrẹ láti fi tún òrùlé ààfin bò, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ilé kan ṣoṣo ṣe di àmì ìtẹríba gbogbo ilẹ̀ ọba. Ilé ìjọsìn oníkoríko náà kò lè ṣe aláìní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, iná sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí páànù dé, àwọn ìjọ gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí pé kò nílò àtúnbò lọ́dọọdún, kò sì rọrùn fún iná láti jó o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru rẹ̀ pọ̀ ju ti koríko lọ, tí ariwo òjò lórí rẹ̀ sì lè bo ohùn oníwàásù mọ́lẹ̀.

Ìrísí àti ọ̀ṣọ́

Agbo ilé Yorùbá kọjú sí àgbàlá àárín rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí i ká. Ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn jẹ́ ilé gbọọrọ kan, nítorí pé gbogbo ènìyàn ní láti kọjú sí pẹpẹ tàbí àga ìwàásù. Kòbì, èyíinì ni apá ilé tí ó yọ síwájú láti ara ògiri pẹ̀lú òrùlé gíga tirẹ̀, jẹ́ ẹ̀tọ́ ọba, kò sì sí nínú ilé àwọn ará ìlú. Ọ̀ṣọ́ ààfin mìíràn ni òpó àti ilẹ̀kùn fífín, èyí tí arìnrìn-àjò Hugh Clapperton kíyè sí nígbà tí ó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826. Ó pẹ́ kí iṣẹ́ ọnà yìí tó wọ ilé Ọlọ́run: ní ọdún 1947 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn agbẹ́gilére bíi George Bandele àti Lámídì Fákẹ́yẹ ti ń fín ère àti ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn ní ọ̀nà Yorùbá.

Ìtọ́jú ogún yìí

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé amọ̀ kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni ó ń sọ bí ilé yóò ti pẹ́ tó. Mọ́sálásí ńlá Djenné ní orílẹ̀-èdè Màlì, tí a tún kọ́ ní ọdún 1907, jẹ́ ti amọ̀. Ó dúró títí di òní nítorí pé gbogbo ìlú ń jáde lọ́dọọdún láti tún ara ògiri rẹ̀ rẹ́. Bí a bá fi ilé sílẹ̀ láìtọ́jú, òkúta pàápàá yóò wó. Nàìjíríà ní àjọ tí ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ ìjọba kò lè mọ gbogbo ilé ìjọsìn kékeré tí ó wà ní àdúgbò àti abúlé. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ohun tí ó kù wà. Ìjọ tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun, kí ó má ṣe kánjú wó ti àtijọ́. Bí wíwó bá sì di dandan, kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ nínú àti lóde, kí ó wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n mọ bí a ṣe kọ́ ọ sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú òkúta ìpìlẹ̀, agogo àti ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ibi tí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ yóò ti lè rí wọn.