Ìgbéyàwó: Àǹfààní Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀ fún Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀dá ní takọtabo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, bí a bá ń so yìgì, oore inú ìgbéyàwó nìkan ni a máa ń kà fún tọkọtaya. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ṣe é, ó yẹ kí ó gbọ́ apá kejì náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga sábà máa ń bi mí pé, "Ààfáà, ṣé kí n gbéyàwó báyìí ni, àbí kí n ṣì ní sùúrù?" Ìdáhùn mi kì í jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀nà yìí sílẹ̀ o. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n là á fún wa.

Imam Al-Ghazali, ọmọ ìlú Tus ní ilẹ̀ Khurasan, tí ó ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé Nizamiyya ní Baghdad, tí ó sì kú ní ọdún 505 Hijira (1111), ya apá kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nínú ìwé rẹ̀ Ihya Ulum al-Din. Àǹfààní márùn-ún àti ewu mẹ́ta ni ó kà síbẹ̀.

ÀǸFÀÀNÍ MÁRÙN-ÚN

Èkíní ni ọmọ. Ọmọ rere ni yóò máa ṣe àdúà fún òbí rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn bá ti parí.

Èkejì ni ìṣọ́ kúrò nínú sìná. Ojú ọ̀dọ́ ń wò, ara sì ń fẹ́. Nínú hádíìsì tí Abdullahi ọmọ Mas'ud gbà wá, tí Bukhari àti Muslim kọ sílẹ̀, Ànọ́bì gba àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn ká a níyànjú pé kí wọ́n gbéyàwó. Ẹni tí kò ní agbára rẹ̀, kí ó máa gba ààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé Ànọ́bì kò da àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Nínú Suratu Rum, ẹsẹ 21, Ọlọ́hun ka ìfẹ́ àti àánú tí ó wà láàrin tọkọtaya mọ́ àwọn àmì Rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìrànlọ́wọ́ nínú ilé. Ẹni tí ó ń dá se oúnjẹ, tí ó ń dá tún ilé ṣe, àyè ìmọ̀ àti ìjọsìn lè má tó o. Lónìí tí ọkọ ń lọ síbi iṣẹ́, tí ìyàwó náà ń lọ sọ́jà tàbí sí ọ́fíìsì, àwọn méjèèjì ni wọn yóò jọ ran ara wọn lọ́wọ́.

Ìkarùn-ún ni bíbá ọkàn ara ẹni jà. Láti fara da ìwà ẹlòmíràn, láti jí ní òwúrọ̀ wá hàláálì fún aya àti ọmọ, ìjọsìn ni gbogbo rẹ̀. Kódà, owó tí ènìyàn ná sórí ará ilé rẹ̀, tí ó sì ń retí ẹ̀san lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, sàráà ni.

EWU MẸ́TA

Èkíní ni àìrí hàláálì jẹ. Al-Ghazali ní èyí ni ó lágbára jù nínú ewu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbàlagbà tí kò bá lọ́kọ tàbí láya lè fi gààrí sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ń sunkún ebi létí rẹ̀, àfi kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ kí ó má na ọwọ́ sí hàráámù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ewu yìí kì í tilẹ̀ dúró di ìgbà tí ìyàwó bá wọlé. Gbọ̀ngàn, aṣọ ẹbí, olórin, màlúù: owó èlé ni àwọn mìíràn fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àlejò á jẹun tán, wọ́n á lọ. Gbèsè á sì jókòó ti tọkọtaya. Bẹ́ẹ̀, nínú hádíìsì Sahl ọmọ Sa'd, Ànọ́bì ní kí ọkùnrin kan wá sàdáákì lọ, ìbáà ṣe òrùka irin. Nígbà tí kò rí ìyẹn náà, Kùránì tí ó mọ̀ ni wọ́n fi so ó pọ̀ mọ́ obìnrin náà.

Èkejì ni àìlè pé ẹ̀tọ́. Oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé àti ìbágbépọ̀ rere, ẹ̀tọ́ ìyàwó ni, kì í ṣe àánú ọkọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun yá láti lu ènìyàn, kí ó tún ara rẹ̀ ṣe kí ó tó lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí yìí náà ni Suratu Nisai, ẹsẹ 3, fi ní kí ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé òun kò ní lè ṣe déédéé mọ ọ́n sórí ẹyọ kan.

Ẹ̀kẹta ni kí aya àti ọmọ gbàgbé Ọlọ́hun mọ́ ènìyàn lọ́kàn. Kì í ṣe ohun hàráámù nìkan ni ó ń ṣe èyí o. Eré, ìkẹ́ àti ìkówójọ fún ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

KÍ NI KÍ Á WÁ ṢE?

Al-Ghazali kò dá ẹjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Ó ní kí oníkálukú gbé ara rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ mazhabi Maliki tí à ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ yìí: ìgbéyàwó lè di ọ̀ranyàn fún ẹni tí ó ní agbára tí ó sì ń bẹ̀rù sìná, ó lè jẹ́ súnnà fún ẹlòmíràn, ó sì lè di èèwọ̀ fún ẹni tí kò bẹ̀rù sìná, tí yóò sì fi hàráámù bọ́ ìyàwó tàbí kí ó ni ín lára.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé, "Ààfáà ní kí tálákà má gbéyàwó." N kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Suratu Nur, ẹsẹ 32, Ọlọ́hun ṣe ìlérí ọrọ̀ fún tálákà tí ó bá gbéyàwó. Ní ẹsẹ 33, Ó ní kí ẹni tí kò rí ọ̀nà rẹ̀ kó ara rẹ̀ níjàánu. Òṣì kọ́ ni ewu. Hàráámù ni ewu. Ọ̀dọ́ tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́, bí owó rẹ̀ kéré, tí ó sì ń bẹ̀rù sìná, kí ó wá, a ó so yìgì rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́kàn lé jìbìtì láti fi bọ́ ilé, kí ó lọ wáṣẹ́ ná.

Ọkùnrin ni Al-Ghazali ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà wà fún ẹ̀yin ọmọbìnrin wa pẹ̀lú. Ànọ́bì ní kí á gba ìyọ̀ǹda ọmọbìnrin kí á tó so yìgì rẹ̀. Ohun ìní rẹ, tìẹ ni, ọkọ kò jogún rẹ̀ láàyè. Bí o bá fẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ, sọ ọ́ kí yìgì tó so, kí ẹbí méjèèjì gbọ́. Bèèrè ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dín ìnáwó kù. Hàláálì tí ẹ bá mú nira, ẹ̀yin ni ẹ ń la ọ̀nà sìná fún ọmọ yín.

Kí Ọlọ́hun fi ìbàlẹ̀ ọkàn sí ilé wa, kí Ó má fi hàráámù bọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.