Àwọ̀ Pupa Tí Wọ́n Ní Kì Í Ṣe Pupa

Ní ilé-iṣẹ́ IBM láyé ọjọ́un, àwọ̀ pupa kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ràgàjì nígbà pàjáwìrì ló ni ín, ìlànà ààbò ilé-iṣẹ́ náà sì ti dè é mọ́bẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìrísí láptọ́ọ̀pù tuntun kan wá sọ pé àwọn fẹ́ fi rọ́bà pupa kóńkó sí àárín kíbọ́ọ̀dù dúdú, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé kò ṣeé ṣe.

Láptọ́ọ̀pù náà ni ThinkPad 700C, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1992. Richard Sapper, ọmọ Jámánì tó fi Milan ní Ítálì ṣe ibùjókòó, ló gbé ìrísí rẹ̀ kalẹ̀; òun náà ló ṣe àtùpà Tizio tó gbajúmọ̀ ní 1972. Kazuhiko Yamazaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó IBM ní Yamato, lórílẹ̀-èdè Japan, ló bá a ṣe é. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni àwọ̀ wọn rí bí eyín amutábà. Èèyàn ò lè dúró lókèèrè kó mọ ti Táyé yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Dúdú ni Sapper ní òun fẹ́. Àpótí oúnjẹ tí àwọn ará Japan ń pè ní bento ló wà lọ́kàn rẹ̀: bí wọ́n bá dé e, kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ìgbà tí a bá ṣí i la tó ń rí àrà tó wà nínú rẹ̀.

Dúdú yẹn nìkan dá wàhálà sílẹ̀. Ìlànà ohun èlò ọ́fíìsì ní Jámánì nígbà náà ń béèrè àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń sọ ni pé wọ́n kọ àkíyèsí sí i níbẹ̀ pé kì í ṣe fún ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣòwò gan-an ni wọ́n ṣe é fún!

Rọ́bà pupa náà ńkọ́? Ted Selker, olùṣèwádìí ní IBM, ló ronú kàn án. Ó ti kà á pé bí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé bá kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù lọ sórí mouse, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá ló ń lọ sí i, ọwọ́ náà á sì tún padà wá. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Joseph Rutledge, wá gbé ọ̀pá kékeré kan, tí rọ́bà náà dé lórí, sáàárín G, H àti B. Bí ìka bá ti rọra tì í, ọfà ojú skírìnì á máa lọ síbi tí a tì í sí, láìjẹ́ pé ọwọ́ kúrò níbi iṣẹ́. Ká ní dúdú ni wọ́n ṣe é, iṣẹ́ kan náà ni ì bá máa ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo ìrísí fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ bà lé e.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ti wọ̀ ọ́. Wọ́n po àwọ̀ kan tó wà láàárín pupa àti àlùkò, wọ́n pè é ní magenta. Ìlànà ààbò kò sọ nǹkan kan nípa magenta, ó sì kọjá. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pọ́n ọn sí i, títí tó fi di pupa fòò, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí wọn mú.

Ta ni ká ṣe ẹwà fún: ẹni tó ni ẹ̀rọ ni, àbí ará ìta tó ń wò ó? Apple náà ti bá ìbéèrè yìí jìjàkadì. Nígbà kan, ápù ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù wọn máa ń kọjú sí ẹni tó ni ín kó tó ṣí i. Bó bá ṣí i tán, ápù á dorí kodò lójú ẹni tó jókòó sódìkejì. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà kí ará ìta lè rí i bó ṣe yẹ. Ti ThinkPad kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé e, àkọlé kékeré tó dagun ni ará ìta ń rí. Ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ ló ni rọ́bà pupa náà. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lò ó fi rọ̀ mọ́ ọn.

Ní 2005, IBM ta ẹ̀ka tó ń ṣe ThinkPad fún Lenovo ti Ṣáínà. Wọ́n fún Lenovo láyè láti lo orúkọ IBM fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n Lenovo yọ ọ́ kúrò kí àsìkò tó pé. Orúkọ lọ, pupa kò lọ. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, nínú àwọn tòkunbọ̀ tó tò lọ bẹẹrẹ, ẹni tó ń wá ThinkPad kò nílò kó ka orúkọ.

Kíbọ́ọ̀dù ni Lenovo wá fọwọ́ kàn ní 2012. Wọ́n dín ìlà bọ́tìnnì méje kù sí mẹ́fà, àwọn tó ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ sì fárígá. Nígbà tí ThinkPad pé ọdún 25 ní 2017, Lenovo ṣe ẹ̀dà pàtàkì kan, ó dá ìlà méje padà sí i pẹ̀lú bọ́tìnnì Enter aláwọ̀ aró. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣe, 1,899 dọ́là ni wọ́n sì fi lé e ní Amẹ́ríkà.